Òkúta Tí Dókítà Ní Kò Sí Lórí Òkè

Ara ògiri ọgbà àgùntàn ni Tukummeq, ọlọ́pàá ìlú, ti rí i, láàárọ̀ Ọjọ́rú: òkúta kan tó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹran ẹja, tí àwọn hóró kan ń dán lára rẹ̀ bíi gíláàsì fífọ́, tí àwọn ìlà dúdú tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́ sì gba inú rẹ̀ kọjá. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ìka pa á. Ó rí òmíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó tún rí ẹ̀kẹta. Kó tó ka ògiri náà dé ìdajì, òógùn ti bò ó, bẹ́ẹ̀ atẹ́gùn yìnyín ló ń fẹ́ bọ̀ láti ojú òkun.

Nítorí irú òkúta yìí gan-an ló ṣe ti Bàbá Aggu mọ́lé.

Ọ̀rọ̀ náà kò gùn. Lọ́sàn-án Sátidé, nígbà tí gbogbo ìlú Kuussuatsiaq wà lórí pápá tí wọ́n ń wo bọ́ọ̀lù, ẹnì kan fọ́ àpótí gíláàsì inú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kékeré tó wà lẹ́bàá èbúté, ó sì gbé tuttupit inú rẹ̀ lọ. Tuttupit ni òkúta pupa tí wọ́n ń rí nínú òkè ẹ̀yìn ìlú, tí wọ́n fi ń ṣe ẹ̀gbà ọrùn. Eléyìí tóbi tó orí ọmọ séálì, kò sì sí ẹni tó tún rí irú rẹ̀. Olè náà fi òkúta tó fi fọ́ gíláàsì sílẹ̀ nílẹ̀. Akọ òkúta ni, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní gíránáìtì. Nukaaka, obìnrin tó ń tọ́jú ilé náà, búra pé òun ò rí irú rẹ̀ rí. Àmọ́ gbogbo ìlú mọ ẹni tó to irú rẹ̀ síwájú ilé: Bàbá Aggu, arúgbó agbẹ́-òkúta.

“Orí òkè wa yìí ni mo ti ń kó o,” ni Aggu wí nígbà tí Tukummeq bi í. “Ẹni tó bá lẹ́sẹ̀ lè lọ kó tiẹ̀.”

Tukummeq lọ bá Dókítà Troels, onímọ̀ òkúta ará Denmark tó ti ń fi òòlù kan òkè náà káàkiri láti ọjọ́ pípẹ́. Dókítà mi orí. “Kò sí gíránáìtì lórí òkè yẹn. Ìkòkò tí òkúta òkè yẹn ti jinná, hóró gíláàsì kì í sí nínú ẹ̀. Ológbò àti eku ni òkúta méjèèjì, wọn kì í gbé pọ̀. Òdìkejì òkun lẹ ti lè rí gíránáìtì.” Ní gbogbo ìlú, Aggu nìkan ló ní ahéré ní òdìkejì òkun. Tukummeq gbà pé ẹni tó purọ́ nípa òkúta, ó purọ́ nípa olè. Ní Sọ́ńdè, bí àwọn èèyàn ṣe ń jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó di arúgbó náà lọ́wọ́ mú lórí àtẹ̀gùn, lójú tọmọdé tàgbà, ó sì mú un lọ sínú yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn ilé ìgbìmọ̀. Yìnyín tó dí ojú òkun ni kò jẹ́ kí ọkọ̀ ìlú ńlá tíì wá gbé e.

“Àǹtí Tabitha,” Tukummeq dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri náà, ó pe obìnrin tó ni ọgbà àgùntàn náà, “níbo lẹ ti rí òkúta yìí?”

Tabitha gbé korobá ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Láti ìgbà tí Tukummeq ti dé, kò tíì gbé kọfí fún un. Ẹni tí wọn ò bá gbé kọfí fún ní Kuussuatsiaq, wọ́n ti bú u tán.

“Ṣé ọlọ́pàá ló ń bi mí, àbí ọmọ Jonasi?”

“Àwọn méjèèjì, mà.”

“Kí àwọn méjèèjì gbọ́ nígbà náà. Orí òkè ni. Èmi àti ọkọ mi la fi ọmọlanke yìnyín wọ́ ọ sọ̀kalẹ̀, lọ́dún tá a fẹ́ra. Ibi mẹ́ta ló wà lókè yẹn. Àgùntàn mi gan-an mọ ọ̀nà ibẹ̀.”

“Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi látijọ́ yìí?”

“O ò bi mí,” Tabitha wí, ó gbé korobá rẹ̀. “Òyìnbó lo bi.”

*

Tukummeq gun òkè náà fún wákàtí méjì. Òkúta ibẹ̀ ṣókùnkùn, ó dúdú, ó ní àwọ̀ ewé tó rà. Ó máa ń fọ́ wúruwùru lábẹ́ bàtà bí búrẹ́dì tó gbẹ. Ó ti fẹ́ máa sọ fún ara rẹ̀ pé bóyá Tabitha purọ́, nígbà tó rí i. Láàárín òkúta dúdú yẹn, akọ òkúta yọ jáde bí erékùṣù láàárín omi, ó pọ́n, ó le, hóró gíláàsì ara rẹ̀ sì ń kọ mọ̀nà nínú oòrùn. Ibi kejì wà lókè díẹ̀. Ibi kẹta wà nítòsí etí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, níbi tí àwọn ẹyẹ ìwò ń bà lé.

Ibi kẹta yìí ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kọ̀. Ẹnì kan ti fi òòlù gé igun kan lára rẹ̀, ojú egbò náà ṣì jẹ́ tuntun. Wọ́n fi ọ̀dà yẹ́lò kọ nǹkan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: T 41.

Ta ni kò mọ ọ̀dà yẹ́lò Dókítà Troels? Àwọn ọmọdé ìlú tiẹ̀ máa ń wá àwọn nọ́ńbà rẹ̀ kiri bí ẹni ń wá ẹyin ẹyẹ.

Tukummeq jókòó. Ọdún mọ́kànlá ló ti ń ṣe ọlọ́pàá ibùdó yìí. Ojú Àwòdì ni wọ́n ń pè é, láti ìgbà tó ti fi òórùn epo tó wà lára ìbọ̀wọ́ mú ẹni tó jí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi. Orúkọ yẹn dùn mọ́ ọn. Ó mọ̀ báyìí pé ó dùn mọ́ ọn jù. Ọrùn ọwọ́ Bàbá Aggu padà wá sí i lọ́kàn, bó ṣe rí tẹ́ẹ́rẹ́ nínú àtẹ́lẹwọ́ òun bí ẹsẹ̀ ẹyẹ. Arúgbó yẹn ò jà. Ohun kan ṣoṣo ló bi í lórí àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì: “Ṣé kí n mú fìlà mi?” Òun sì dáhùn pé rárá.

Kò sí ẹnì kankan lórí òkè náà, síbẹ̀ ó fi ọwọ́ bo ojú.

*

Àgọ́ Dókítà Troels wà létí odò. Ó ń fi omi gbígbóná fọ abọ́ nígbà tí Tukummeq dé.

“Dókítà, kí ni T 41?”

Abọ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. “O ti gòkè?”

“Mo ti gòkè. Ẹ dá mi lóhùn.”

“Gíránáìtì ni.”

“Èyí tí ẹ sọ pé kò sí?”

Ọkùnrin náà nu ọwọ́ rẹ̀, ó tún un nù, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ náà ti gbẹ. “Ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn ni mo ya máàpù òkè yìí. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò sí gíránáìtì níbẹ̀ rárá. Onímọ̀ òkúta kan kọ̀wé pé ó wà. Mo dìde níwájú gbogbo ẹgbẹ́ wa, mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí wọ́n fi rẹ́rìn-ín. Kò tún kọ nǹkan kan mọ́. Lóṣù tó kọjá ni mo fẹsẹ̀ mi tẹ ohun tó sọ. Tí ìwọ náà sì wá bi mí…”

“Tí mo wá bi yín.”

“Ìdáhùn àtijọ́ ló jáde lẹ́nu mi. Mo rò pé wàá rí ẹ̀rí míì, pé wọ́n á fi bàbá yẹn sílẹ̀.”

“Nítorí máàpù, ẹ jẹ́ kí n ti arúgbó mọ́lé?”

Troels bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ṣa abọ́ tó bọ́ náà. Inú Tukummeq kọ́kọ́ dùn. Olè rèé, ó wí nínú ara rẹ̀, mo ti mú un! Àfi bó ṣe rántí pé irú ayọ̀ yìí náà ló wà nínú òun ní Sọ́ńdè, lórí àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì. Ó bá pa ayọ̀ náà bí ẹni ń pa iná, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ronú.

Àkọ́kọ́, Troels ni rẹfirí bọ́ọ̀lù ọjọ́ Sátidé. Fèrè rẹ̀ ló ń dun gbogbo ìlú létí láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ó tiẹ̀ lé ọkọ Tabitha jáde nínú pápá, wọ́n sì fi ìyẹn bú u di alẹ́. Ìkejì, kò sí òkúta Troels tí kò ní nọ́ńbà àti ojú egbò òòlù. Òkúta tó fọ́ gíláàsì kò ní ọ̀kankan.

“Ẹ gbé bíbélì yín, ìyẹn máàpù yẹn,” ó wí, “kí ẹ tún un kọ. Ohun tẹ́ ẹ jẹ Bàbá Aggu, ẹnu yín lẹ máa fi san án.”

*

Nínú yàrá iṣẹ́ rẹ̀, ó gbé òkúta tó fọ́ gíláàsì náà sórí tábìlì, ó wò ó bí ẹni tí kò rí i rí. Lóòótọ́, kò tíì wò ó rí. Láti Sátidé, ibi tí wọ́n ti gbé e wá ló ń bi í, kò bi í léèrè iṣẹ́ tó ń ṣe. Ó yí i dé. Ìdí rẹ̀ dán. Kì í ṣe omi ló bó o bẹ́ẹ̀, torí pé ẹ̀gbẹ́ kan péré ló dán, ìlà ọ̀dà búlúù wẹ́wẹ́ sì wà lára rẹ̀. Òkúta yìí ti jókòó sórí ilẹ̀ onípákó tí wọ́n kùn ní búlúù. Wọ́n máa ń fi ẹsẹ̀ tì í lọ tì í bọ̀. Ọdún púpọ̀ ni wọ́n ti ń ṣe é.

Òkúta ìdílẹ̀kùn ni.

Atẹ́gùn gúúsù ti ń le níta. Tukummeq jáde, ó rìn gba àárín ìlú, ó ń fetí sílẹ̀. Gbogbo ilẹ̀kùn dákẹ́ sáyè wọn. Nígbà tó dé ẹ̀bá èbúté, ó gbọ́ ọ: gbàà! Ìṣẹ́jú kan, gbàà! Ilẹ̀kùn inú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ni. Ilẹ̀ ibẹ̀ sì rèé, búlúù. Láti Sátidé, ẹ̀ẹ̀mẹrin ló ti wọ ibẹ̀ wá ẹ̀rí, ẹ̀ẹ̀mẹrin náà ni ilẹ̀kùn yìí gbá a lẹ́yìn, tó sì ṣépè fún un. Ojú àwòdì ọ̀hún dà?

Nukaaka wà nínú ilé, ó ń gbálẹ̀. Obìnrin Upernavik ni, láti òkè àríwá lọ́hùn-ún. Ọdún márùn-ún ló ti fẹ́ ọkọ síbí, ọkọ náà sì wà lójú òkun lọ́pọ̀ ìgbà.

“Nukaaka, kí lo fi ń dá ilẹ̀kùn yìí dúró tẹ́lẹ̀?”

Ìgbálẹ̀ dúró. “Nǹkan kan.”

“Nǹkan wo?”

“Òkúta.”

“O gbálẹ̀ yí i ká fún ọdún márùn-ún. O wá sọ fún mi ní Sátidé pé o ò rí irú rẹ̀ rí.”

Nukaaka rọra jókòó sórí ilẹ̀, bí aṣọ tó já lórí okùn.

“Mo fi aṣọ dúdú bo àpótí yẹn láti ìgbà tí òtútù bẹ̀rẹ̀. Oòrùn ti sọ aṣọ pẹpẹ ṣọ́ọ̀ṣì di funfun, mo ní kó má ba òkúta ìlú jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Ní Sátidé mo ṣí i, kí n nù ún de àwọn àlejò tí ọkọ̀ máa gbé wá tí yìnyín bá ṣí.” Ó wo àpótí òfo náà. “Ó ti kú. Ó funfun bí ọ̀rá séálì. Mo ní wọ́n á sọ pé mo ti ta ti gidi, mo wá fi ayédèrú rọ́pò rẹ̀. Ará òkè àríwá ni mí, ta ló máa gbà mí gbọ́? Mo bá gbé òkúta ìdílẹ̀kùn, mo fi fọ́ gíláàsì, kó lè dà bíi pé olè ló wọlé.”

“Níbo ló wà?”

Inú agolo ìyẹ̀fun ló wà, nílé rẹ̀. Tukummeq fọ̀ ọ́ mọ́, ó gbé e sójú fèrèsé níbi tí oòrùn ti ń wọlé, ó ní kí Nukaaka jókòó tì í. Kò pẹ́ tí àwọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í padà sára òkúta náà, fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́rẹ́ láti ẹ̀gbẹ́ kan, bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń padà sójú ẹni tó dákú. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ó ti pupa.

“Inú òkùnkùn ló ti máa ń ṣàárẹ̀,” Tukummeq wí. “Oòrùn ni oúnjẹ rẹ̀. Ọmọ ọdún márùn-ún mọ̀ ọ́n níbí. Kí ló dé tí o ò béèrè?”

Nukaaka ń sunkún, àmọ́ ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n. “Lọ́wọ́ ta? Tí mo bá lanu, ohùn mi lẹ fi ń ṣe ẹ̀fẹ̀. Ìwọ náà ṣe é, nígbà Kérésì, nílé Tabitha. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, èmi náà bá wọn rín in.”

Tukummeq rántí. Ó rántí bó ṣe fa ahọ́n gùn, bí wọ́n ṣe pàtẹ́wọ́ fún un.

“Oúnjẹ Bàbá Aggu,” Nukaaka tún wí, “èmi ni mò ń gbé e lọ fún un lójoojúmọ́. Ó máa ń dúpẹ́. Mo ní kí n sọ fún ọ ní Mọ́ńdè. Mo ní kí n sọ ọ́ lánàá.”

*

Bàbá Aggu jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń fi èékánná họ igi fèrèsé nítorí pé wọ́n ti gba ọ̀bẹ rẹ̀. Tukummeq ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu.

“Bàbá, ẹ máa bọ̀ nílé. Ẹ̀yin kọ́. Mo ti gòkè lọ, mo ti rí ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.”

“Ẹ̀n-ẹ́n,” ni arúgbó náà wí.

“Òkúta yẹn, ẹ mọ̀ pé Nukaaka ló ni ín?”

“Èmi ni mo fún un lọ́dún tí wọ́n gbé e níyàwó dé. Ilẹ̀kùn yẹn ń dá a lágara.”

“Ẹ mọ̀ ọ́n láti Sátidé? Kí ló dé tẹ́ ò sọ?”

Aggu wò ó fún ìgbà àkọ́kọ́. “Kí n sọ ọ́ kí o lè ṣe é bí o ṣe ṣe mí? Mo mọ bàbá rẹ, ọmọ Jonasi. A jọ ṣọdẹ lórí yìnyín fún ọgbọ̀n ọdún. Èmi lè fara da àtẹ̀gùn yẹn. Ọmọ yẹn á wọ òkun.”

Tukummeq kúnlẹ̀, kò mọ ìgbà tó kúnlẹ̀. “Ẹ jọ̀ọ́, bàbá. Ẹ dìde ká lọ. Kò sẹ́ni lójú ọ̀nà nísinsìnyí.”

“Ìyẹn gan-an ni n ò ṣe ní lọ. Ojú gbogbo ayé lo fi mú mi wọlé, o wá fẹ́ kó mi gba ẹ̀yìnkùlé jáde bí ìdọ̀tí. Ó di Sọ́ńdè.”

Báyìí ni Aggu ṣe jókòó sí yàrá tí ilẹ̀kùn rẹ̀ wà ní ṣíṣí, ní Ọjọ́bọ̀, ní Ẹtì, ní Sátidé. Àwọn èèyàn ń kọjá, wọ́n ń wò ó, wọ́n ń wo Tukummeq tó jókòó sẹ́nu iṣẹ́ níwájú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó béèrè nǹkan kan. Ìyẹn ló burú jù. Ní Sátidé, Tabitha gbé ẹran àgùntàn wá fún bàbá, ó sì fo Tukummeq kọjá bí ẹni fo kùkùté.

*

Ní Sọ́ńdè, Tukummeq dúró lórí àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì kí wọ́n tó ṣe àmín ìkẹyìn. Bàbá Aggu dúró sísàlẹ̀, ó dé fìlà rẹ̀. Nígbà tí àwọn èèyàn jáde, wọ́n dúró.

Gbogbo ohun tó ti kọ sílẹ̀ fò lọ kúrò lórí rẹ̀. “Níbí ni mo ti mú Bàbá Aggu,” ó wí. “Kò jalè. Òótọ́ ló sọ fún mi, mo pè é ní irọ́, torí pé ìwé ló ta ko ó. Ẹ̀yin mọ̀ pé akọ òkúta wà lórí òkè wa. N ò bi yín. Mo fẹ́ kí n gbọ́n lójú yín kíákíá. Ojú ń tì mí.”

Dókítà Troels jáde láàárín èrò, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó fi èdè wọn tí kò gbọ́ dáadáa wí pé, “Akọ òkúta wà. Èmi mọ̀. Èmi sọ irọ́.” Láti ẹ̀yìn, ohùn òkè àríwá kan dáhùn kí ẹnikẹ́ni tó mí: “Èmi ni mo fọ́ gíláàsì.” Orí yí sí Nukaaka. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Tabitha ló kọ́kọ́ rìn lọ bá a, ó dúró tì í, èjìká sí èjìká, ó sì ń wo àwọn tó kù bíi pé kí ẹnì kan dán an wò.

Tukummeq gbé àpò Bàbá Aggu, ó tẹ̀ lé e láti ṣọ́ọ̀ṣì dé ilé rẹ̀. Arúgbó náà rọra ń rìn. Ó mọ̀ọ́mọ̀ ń rìn bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà tí wọ́n dé ẹnu ọ̀nà, ó gba àpò rẹ̀, kò sì wọlé.

“Ó ku ẹnì kan,” ó wí.

“Ta ni, bàbá?”

“Ọmọ mi obìnrin, Sofiannguaq. Ìlú Qaqortoq ló ń gbé. Wọ́n ti pè é lórí fóònù láti Sọ́ńdè tó kọjá, wọ́n ní bàbá rẹ̀ jalè. Mo ti pè é lẹ́ẹ̀mẹta lánàá. Tó bá rí nọ́ńbà mi, kì í gbé e.”

Tukummeq yọ fóònù rẹ̀. Bàbá Aggu ka nọ́ńbà náà fún un, ó tẹ̀ ẹ́. Ó dún, ó dún, wọ́n sì gbé e.

“Ta nìyẹn?”

“Tukummeq ni, ọlọ́pàá Kuussuatsiaq. Jọ̀ọ́, má pa fóònù. Bàbá rẹ ò mú nǹkan ẹlòmíì. Èmi ni mo bà á lórúkọ jẹ́, lójú gbogbo ìlú, láìwádìí. Èmi ni kí o bínú sí.”

Ó ń gbọ́ bí obìnrin náà ṣe ń mí.

“Ṣé ó wà lọ́dọ̀ rẹ?” ni ohùn náà wí níkẹyìn. “Gbé e fún bàbá mi.”

Ó nà án sí i. Aggu fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó gbé e sétí, ó yíjú sí ògiri. “Ọmọ mi,” ó wí, ohùn rẹ̀ sì já. Tukummeq sọ̀ kalẹ̀ kúrò lórí àtẹ̀gùn, ó rìn jìnnà dé ibi tí kò ti ní gbọ́ ìyókù, ó sì dúró síbẹ̀ láìbo ojú, lójú àwọn tó ń wò ó láti fèrèsé.